Àyè Kékeré Lára Kílọ́ọ̀ṣì

Kò sí ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ládùúgbò náà tí kò mọ Ọ̀gá Fẹ̀sọ̀. Orúkọ ìnagijẹ ni, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n sì ti mú un. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fipá tú nọ́ọ̀tì, á ní, "Fẹ̀sọ̀, irin náà ń gbọ́." Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, alùpùpù àtijọ́ ló sì yàn láàyò.

Èyí tó fi ọdún kan gbáko tún ṣe gbẹ̀yìn, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ káfíńtà ni. Káfíńtà ti di olóògbé. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ní kí wọ́n bá òun jí i dìde kóun lè máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Ìpẹtà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán nígbà tí wọ́n wọ́ ọ jáde. Ọ̀gá Fẹ̀sọ̀ tú u palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ gbogbo wáyà rẹ̀, ó sì kun táńkì rẹ̀ láwọ̀ ewé bó ṣe rí nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà láyé. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì wá gbé e, ṣe ló kàn ń fọwọ́ pa ìjókòó rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó tì í padà wá láti ibi iṣẹ́. Òógùn ti rin aṣọ funfun rẹ̀, gíríìsì sì ti yí etí aṣọ náà.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Tó bá ti ń gun òkè tó wà lọ́nà ibi iṣẹ́ mi, ariwo lásán ló kù tó ń pa. Ènjìnì á máa sáré, táyà ò ní sáré. Mo ti pẹ́ débi iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ọ̀gá Fẹ̀sọ̀ di irin kílọ́ọ̀ṣì mú, ìyẹn irin ọwọ́ òsì téèyàn máa ń fà kó tó pààrọ̀ jíà. Irin yẹn gbọ́dọ̀ ní àyè díẹ̀: ọwọ́ á kọ́kọ́ fà á lófìfo, bí ìnípọn èékánná méjì, kí wáyà tó mú. Bí àyè yẹn ò bá sí, ńṣe ló máa dà bíi pé èèyàn ń fà á díẹ̀ ní gbogbo ìgbà, kílọ́ọ̀ṣì ò sì ní lè di ènjìnì mú dáadáa. Ó fi ìka méjì wò ó, ó dá a lójú pé àyè wà níbẹ̀. Ó gùn ún yí ọgbà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń lọ geerege.

"Kò sóhun tó ṣe é. Ìwọ lò ń gbọ́wọ́ lé e tó o bá ń gùnkè."

"Bàbá, mi ò gbọ́wọ́ lé e."

"Èmi ni mò ń parọ́ nìyẹn?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Mo ní kẹ́ ẹ bá mi gbé e dé orí òkè yẹn ni."

Jórinjórin àti onítáyà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Obìnrin méjì tó ń dúró de ọkọ̀ wọn náà ń wò. Inú bí Ọ̀gá Fẹ̀sọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní, "Ká ní bàbá rẹ bí ọkùnrin ni, alùpùpù yìí ì bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn."

Jórinjórin bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì yọ kọ́kọ́rọ́, ó rọra gbé e sórí tábìlì, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Fẹ̀sọ̀ gbé alùpùpù náà jáde kó lè fi hàn pé òun jàre. Ó kọ́kọ́ gùn ún dé ìdí afárá, ó padà, ènjìnì sì ti gbóná dáadáa kó tó kọrí sí òkè. Kò tíì dé ìdajì tí ènjìnì fi bú ramúramù, alùpùpù ò sì kúrò lójú kan. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó ń fẹsẹ̀ rìn bá a. Wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," wọ́n sì kọjá lára rẹ̀.

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó fa bébà kékeré kan yọ nínú àpò, ó fẹ́ kì í bọ àárín irin kílọ́ọ̀ṣì náà àti ìdí rẹ̀. Bébà ò wọlé. Àyè bíńtín tó wà níbẹ̀ nígbà tó tutù, ooru ti gbà á tán.

Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àyè wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n rí i lọ́wọ́ òun, kí wọ́n má lọ sọ pé Ọ̀gá Fẹ̀sọ̀ ti darúgbó. Nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi ìka tí kò gbọ́ nǹkan kan wo kílọ́ọ̀ṣì, tó sì wá di ẹ̀bi ru ọmọ ọlọ́mọ. Ojú tì í débi pé kò lè jókòó sórí alùpùpù náà mọ́. Títì ló tì í sọ̀ kalẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wá ń rò ó pé kóun kàn tún un ṣe, kóun fi rán onítáyà sí nọ́ọ̀sì, kó ní gíríìsì lásán ni wọ́n fi sí i. Fún ọjọ́ méjì, ó gbé irọ́ yẹn káàkiri, kò sì lè jẹun.

Ìyàwó rẹ̀, ẹni tó bí ọmọbìnrin mẹ́ta fún un, bi í pé kí ló dé. Ọ̀gá Fẹ̀sọ̀ sọ ti kílọ́ọ̀ṣì, ó sọ ti ìka. Kò mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ tó sọ nípa ọmọkùnrin.

"Ó tán?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Ó tán."

"Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ti sọ fún mi láti ìjẹta. Mò ń retí kẹ́ ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ ni." Ó ń ká aṣọ àbígbẹ̀yìn wọn lọ, kò sì wojú rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀gá Fẹ̀sọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn títí ó fi kàn án.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ló ń ṣe yín?" ni nọ́ọ̀sì wí, bí ẹni tí kò rí i rí.

"Èmi ni mo fa wáyà kílọ́ọ̀ṣì le jù. Ìwọ ò ṣe nǹkan kan. Ìka mi ló ti kú, mo sì ń fi pa mọ́."

Nọ́ọ̀sì gba ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ṣóńṣó bírò tẹ ìka àkọ́kọ́. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"

"Rárá."

"Èyí ńkọ́?"

"Rárá."

Ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó ní kó mú un lọ bá dókítà lónìí, kó má di ọ̀la. Inú rere yẹn tún wá dójú ti ọ̀gá ju èébú lọ. Ni nọ́ọ̀sì bá gbójú sókè. "Ti kílọ́ọ̀ṣì ti yé mi. Èyí tẹ́ ẹ sọ nípa bàbá mi ńkọ́?"

"Mo jẹ̀bi ẹ̀."

"Èmi nìkan kọ́ ni mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, sà."

Lọ́jọ́ Sátidé, nọ́ọ̀sì wá síbi iṣẹ́ ọ̀gá. Ọ̀gá Fẹ̀sọ̀ ní kí jórinjórin pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó pe onítáyà, ó sì sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: pé òun lòun ṣàṣìṣe, pé irọ́ lòun pa mọ́ ọmọ náà, pé ọ̀rọ̀ tóun sọ nípa ọmọkùnrin ò yẹ àgbàlagbà. Jórinjórin ń wolẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wọ́n jẹ́ kí ènjìnì gbóná. Ó fún nọ́ọ̀sì ní irin ìwọ̀n àti sípánà. "Dẹ nọ́ọ̀tì yẹn. Yí èyí sínú. Díẹ̀ sí i. Fa irin ọwọ́ wò." Nọ́ọ̀sì fà á, ó kì irin ìwọ̀n bọ̀ ọ́, ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó de nọ́ọ̀tì náà padà, ó sì gun alùpùpù lọ. Wọ́n ń gbọ́ ohùn ènjìnì bó ṣe ń gòkè lọ láìdúró, títí tí wọn ò fi gbọ́ ọ mọ́.

Nígbà tó dé, kò sọ̀ kalẹ̀.

"Ó gun òkè náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí, Bàbá."

"Ó yẹ kó dùn ọ́."

Nọ́ọ̀sì mi orí, ó sì gun alùpùpù náà lọ sílé. Jórinjórin bèèrè bóyá kóun máa bá iṣẹ́ òun lọ. Ọ̀gá Fẹ̀sọ̀ ní kó máa bá a lọ, ṣùgbọ́n kò yíjú padà. Kò tíì fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun.