Ewé Àná fún Ilé Kejì

Ẹ gbọ́, èmi kì í ṣolè. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ìyẹn ná, torí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi ẹnu ara rẹ̀ pè mí bẹ́ẹ̀ níṣojú ewúrẹ́ méjìlá.

Àbúrò mi obìnrin ló mú mi wọ iṣẹ́ ewúrẹ́ náà. Ọdún kẹfà rẹ̀ nìyí tó ti ń kàwé ọ̀mọ̀wé. Dókítà Ọ̀la ni mo ń pè é, torí lójoojúmọ́ ló ń sọ pé ọ̀la lòun máa parí. Igi agùnmáníye ló ń ṣèwádìí lé lórí. Ẹ mọ igi náà: òun ni èso rẹ̀ máa ń wà nínú èèpo gígùn bíi ti ẹ̀wà, tí wọ́n fi ń ṣọgbà, tí èèyàn bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tó rì í mọ́lẹ̀ lásán, á hù. Ìwé kan ní ewé rẹ̀ ń mú ẹran sanra, ìwé mìíràn ní irọ́ ni. Àbúrò mi fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ sì ti sọ ọ́ láìfi bò: ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí, bí kò bá rí nǹkan gidi fi hàn lọ́tẹ̀ yìí, kó di ẹrù rẹ̀ máa lọ sílé láìgboyè.

Ètò rẹ̀ ò le. Ewúrẹ́ mẹ́fà wà ní Ilé Kìíní, mẹ́fà ní Ilé Kejì, ògiri pákó oníhò ló là wọ́n láàárín. Koríko gbígbẹ ni gbogbo wọn ń jẹ, ṣùgbọ́n Ilé Kìíní nìkan ló ń gba ewé lé e. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a ó wọn gbogbo wọn.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "Ilé Kejì ò gbọdọ̀ fẹnu kan ewé. Ẹyọ kan báyìí, rárá."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?" Mo gbá àyà.

Ó dáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo já ewé tútù, mo gbé e fún Ilé Kìíní. Àwọn ẹran burúkú yẹn gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yínmú, wọ́n lọ dùbúlẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Ní Ilé Kejì, òbúkọ kan tí mo ń pè ní Adájọ́ nítorí irùngbọ̀n rẹ̀ ti imú bọ ihò pákó, ó ń wo ewé tẹ́nìkan ò jẹ. Ó wò mí. Ó tún wo ewé. Mo ní, "Adájọ́, òfin ni o." Ó ké igbe kan tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Kò pẹ́, mo kó ewé tí wọn ò jẹ síta; nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti rọ. Kí n wá dà á nù? Ṣé wọn ò bí mi dáadáa ni, tí mo máa da oúnjẹ nù lójú ẹni tó fẹ́ ẹ jẹ? Ẹnìkan kì í jẹun kí ẹnìkejì rẹ̀ máa gbé itọ́ mì. Mo jù ú sí Ilé Kejì. Kí n tó yíjú padà, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, Adájọ́ ń lá ilẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn: ewé tútù fún Ilé Kìíní, ewé àná fún Ilé Kejì. Mo sì bu omi sẹ́nu.

Ọjọ́ ìwọ̀n pé. Ọ̀jọ̀gbọ́n dé tòun ti awò méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí. A gbé àwọn ewúrẹ́ kọ́ òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti Ilé Kìíní, ara wọn wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ti Ilé Kejì, háà! Ẹni tó gbé Adájọ́ kọ́ òṣùwọ̀n ní láti jókòó gbatẹ́gùn, èmi sì lẹni náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí awò orí rẹ̀ fi jábọ́. "Àwọn tó gba ewé ò sanra, àwọn tí ò gbà á ló sanra. Ọmọ mi, o káre láé!" Ó wá mójú kúrò. "Wá sí ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ Ajé, ká jọ kọ lẹ́tà tó máa fòpin sí ẹ̀kọ́ rẹ."

Ó jáde. Àbúrò mi jókòó sórí ìdì koríko. Kò sunkún. Ì bá tiẹ̀ sunkún, ì bá sàn fún mi. Ó kàn ń ka nọ́ńbà inú ìwé rẹ̀ léraléra. Ọdún mẹ́fà gbáko! Ojú gbà mí tì débi pé mi ò lè wo Adájọ́ pàápàá.

"Àbúrò mi," mo ní, "ká ní ẹnìkan ń kọjá lọ jẹ́jẹ́, ewé wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀..."

Ó gbójú sókè.

"...láràárọ̀..."

"O fún wọn?"

O! Èmi tí mo fọdún mẹ́rin jù ú lọ! Látìgbà tó ti mọ̀rọ̀ọ́ sọ, ẹ̀yin ló ń pè mí. Ó sọ ìwé lù mí, ó sọ bírò tẹ̀ lé e, ó wá bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo sá yí òṣùwọ̀n po. "Ewé àná ni! Èyí tí Ilé Kìíní kọ̀ ni! Ó ti rọ pàápàá!"

Ọwọ́ òun ti bàtà dúró lókè. "Wọn ò jẹ ewé tútù?"

"Wọ́n ní ó ń rùn."

"Èyí tó rọ ńkọ́?"

"Ilẹ̀ ni wọ́n ń lá kù."

Bàtà ọwọ́ rẹ̀ kò tíì bọ́ sẹ́sẹ̀ tó fi sáré lọ fa Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ̀ lẹ́nu mọ́tò. Mo gbé abọ́ méjì síwájú Ilé Kìíní, ewé tútù lọ́tùn-ún, èyí tó rọ lósì. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rọ́ lu abọ́ òsì, wọ́n ń kan ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo abọ́, ó wò mí, ó ní, "Olè!" Ó wá bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún wo abọ́ náà dáadáa.

Ó ní nọ́ńbà tá a ti bà jẹ́ ò ṣeé lò, ṣùgbọ́n òun fún àbúrò mi ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ sí i. Ilé mẹ́ta ni: ọ̀kan fún ewé tútù, ọ̀kan fún èyí tó rọ, Ilé Kẹta ò ní jẹ ewé rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́nu ẹran ibẹ̀ kan ewé, oyè ti lọ nìyẹn.

"Bọ̀dá mi," àbúrò mi ní, mo ti tún di àgbà, "ṣé ẹ lè bójú tó Ilé Kẹta?"

"Mi ò lè ṣe é. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Nígbà tí Bàbá wa ní apá òun ò ká ju ọmọ kan lọ nílé ìwé, ìwọ ni wọ́n mú. Ẹnu ọ̀nà ni mò ń jókòó sí láràárọ̀, tí mò ń wò ọ́ bó o ṣe ń gbé báàgì lọ. Mi ò bínú sí ọ rí. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Mi ò lè dúró ti ẹran tó ń wo ẹlòmíì lẹ́nu."

Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì Ilé Kẹta, ó ní òun fúnra òun ló máa tọ́jú wọn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo gba ẹ̀yìn ilé wọlé, mo bá a níbi tó dúró sí níwájú Ilé Kẹta, ọwọ́ kan lẹ́yìn. Àwọn ẹran na ọrùn sí i. Mo wúkọ́. Ó fò sókè.

"Kí lo mú dání?"

"Kò sí nǹkan kan."

Mo na ọwọ́ sí i. Ó pẹ́ kó tó mú un jáde: ewé kan ṣoṣo, ó ti rọ. Omijé ti gba ojú rẹ̀ kan. "Bọ̀dá mi, ẹyọ kan péré ni."

Mo gba ewé náà, mo tì í bọ àpò. "Ó ku ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́rin," mo ní. "Lọ bọ́jú rẹ."

Látọjọ́ náà, èmi ni mò ń ṣọ́ Ilé Kẹta. Àbúrò mi ni mò ń ṣọ́.