Àpò Aláwọ̀ Ewé Lórí Kọ̀ǹpútà Chih-yuan

Ẹnu A-luan, aránṣọ tó ń gbé lókè ilé wa ní ìlú Tainan, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Òun gan-an ni ìyá àwọn ọmọ méjèèjì tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Bó bá ń sọ ọ́, ẹ̀rín kì í jẹ́ kó rí ojú abẹ́rẹ́.

Yun-ju, ọmọbìnrin rẹ̀, ń wá ọ̀nà láti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń bá ya àwòrán ẹja sára agolo. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe kéèkì ní Kobe, lọ́hùn-ún ní Japan, rí àwòrán rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó síwájú kámẹ́rà kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kí àwọn rí ojú rẹ̀, kí àwọn sì gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí wọn ò bá rí i, wọn yóò pe ẹlòmíì.

Ibi tí wàhálà wà ni pé wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wọ ilé wọn, kọ̀ǹpútà Chih-yuan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló sì wọ̀ sí. Linux ni Chih-yuan fi ń darí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, ó sọ ọ́ di aṣọ́bodè: òun ló ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ìta, òun ló sì ń bù ú fún àwọn yòókù bí ìyálé tó di ṣíbí ọbẹ̀ mú. Windows wà lórí kọ̀ǹpútà Yun-ju ní tirẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò sì lè kọjá níwájú rẹ̀ kó má bú u.

"Ẹ̀rọ tèmi ò tíì sùn láti ọdún tuntun," ni Chih-yuan máa ń wí. "Tìẹ ńkọ́? Bó ṣe ń jí ló ń dákú."

"Bùọ̀dá, òótọ́ ni pé kì í sùn. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ dúdú bí ilé tí wọ́n já iná ẹ̀. Ta ló fẹ́ máa wo ìyẹn?"

Ọ̀sẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà gan-an ni kòkòrò tó ń ba kọ̀ǹpútà jẹ́ wọ inú Windows Yun-ju. Chih-yuan ò bèèrè nǹkan kan, ó ti ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn.

"Kòkòrò ẹ̀rọ ẹ ò ní ran ilé yìí. Jẹ́ kí n yọ Windows yẹn dànù, kí n fi Linux sí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí àwọn ará Kobe fẹ́ fi bá mi sọ̀rọ̀ kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux!"

"Ìyẹn, Kobe ló kù díẹ̀ káàtó fún."

Tẹkúntẹkún ni Yun-ju fi dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀. A-luan ò gbójú sókè.

"Chih-yuan! Ṣí ọ̀nà fún àbúrò ẹ."

"Màmá, ẹ ò mọ ohun tí kòkòrò—"

"Mo mọ ohun tí ọ̀pá aṣọ yìí lè ṣe fún ẹ."

Chih-yuan ṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ṣí i bí ahun ṣe ń ṣí àpò. Nígbà tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Yun-ju pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti fi dánra wò. Ojú ọ̀rẹ́ náà yọ, ó la ẹnu, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ bí ẹja orí yìnyín. Aago méjì ti ń kanlẹ̀kùn. Yun-ju figbe ta. Chih-yuan sáré lọ bẹ ẹ̀rọ rẹ̀ wò, igbe tirẹ̀ sì bo ti àbúrò rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rọ tó bá ṣe pàtàkì ní ìlú wa, ìbáà jẹ́ ti báńkì, ìbáà jẹ́ ti ọsibítù, àpò ìpápánu àgbàdo kan kì í wọ́n lórí rẹ̀, kó lè máa gbọ́ràn. Àpò náà gbọ́dọ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, nítorí iná aláwọ̀ ewé ló ń sọ pé kí ọkọ̀ máa lọ. Chih-yuan, tó ń fi tùràrí ìyá rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, kì í fi èyí ṣeré.

"Màmá! Ta ló gbé aláwọ̀ ìyeyè sórí ẹ̀rọ mi?"

"Èmi ni. Ti tẹ́lẹ̀ ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Aláwọ̀ ewé sì ti tán ní ṣọ́ọ̀bù."

"Iná ìyeyè ní kéèyàn máa rọra lọ! Ẹ ò rí i bó ṣe ń rọra?"

"Ṣebí o ní sáyẹ́ǹsì lo kà?"

"Màmá, sáyẹ́ǹsì náà ni mò ń sọ yìí!"

Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó já sí ìgboro lọ wá aláwọ̀ ewé.

Yun-ju wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo abẹ́rẹ́.

"Orúkọ tèmi ni wọ́n fi gba wáyà yẹn," ni A-luan wí. "Orúkọ bàbá yín ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí i. Kí lò ń wò?"

Yun-ju fa wáyà yọ lẹ́yìn ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wọ́ ọ gba àárín pálọ̀ wọ yàrá rẹ̀, ó ki í bọ kọ̀ǹpútà Windows tirẹ̀, ó tẹ orúkọ bàbá rẹ̀. Bí obìnrin Kobe náà ṣe yọjú, kedere báyìí, ni ẹsẹ̀ Chih-yuan dún lórí àtẹ̀gùn. A-luan na ṣòkòtò tó ń rán lọ́wọ́, ó jù ú bo wáyà tó wà nílẹ̀.

Chih-yuan ń làágùn. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé àpò aláwọ̀ ewé náà lé ẹ̀rọ rẹ̀, ó tún un tò kó dúró dáadáa. Ó wá tẹ́tí sí yàrá. Ẹ̀rín obìnrin Kobe ń dún láìdá dúró. Ó yọjú wò ó: àwòrán ń lọ geere bí omi. Ó mi orí, ó sì dúró bí ọ̀gágun títí ọ̀rọ̀ fi parí.

Yun-ju jáde, omi dúró lójú rẹ̀. "Wọ́n ní kí n máa bọ̀ nígbà ìrúwé."

"Ẹ rí i?" ni Chih-yuan wí. "Aláwọ̀ ewé."

"A rí i, Bùọ̀dá. Ẹ ṣeun."

"Èmi kọ́ lo máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Linux ni."

A-luan rọra ki etí aṣọ bọnu. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ń dúró de Chih-yuan. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó gba orí ṣòkòtò náà kọjá, ó ń súfèé, ó sọ̀kalẹ̀ lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn.