Omi O, Àwẹ̀ró

Ọwọ́ rẹ wà nínú ọwọ́ mi bí ewé tẹ̀tẹ̀ tí oòrùn pa. Ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ tó máa ń gbá mi létí tí mo bá ti ń parọ́.

Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, dì mí lọ́wọ́ mú. Nọ́ọ̀sì dúró tì wá, ó ń wò. Ó ní kí n bẹ̀ ọ́ kí o fún ọwọ́ mi pọ̀, díẹ̀ péré. Èmi rèé o, èmi tí mo fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀rọ omi kọjá odò, tí odò yà fún mi tẹ̀rùtẹ̀rù, ìka márùn-ún ni mò ń bẹ̀.

O ò fún un.

Nọ́ọ̀sì ní ibi tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ máa ń tu nǹkan kan jáde, nǹkan tójú ò rí, tó ń sọ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kó fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ wá. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ṣebí oko ẹ̀fọ́ wa nìyẹn! Ìwọ nídìí ebè, èmi nídìí ẹ̀rọ. O pe omi o, omi dé. O pe omi o, ebè mu. Tí o bá ti dákẹ́, ebè yó nìyẹn, mo pa ẹ̀rọ.

Lánàá, o dákẹ́. Mo pa ẹ̀rọ. Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò, mò ń parọ́ ẹja tó tóbi ju kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ.

Ebè ò yó, Àwẹ̀ró.

Ìwọ lo ṣubú sáàárín tẹ̀tẹ̀, tí ẹnu rẹ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí oòrùn ń rìn lọ lórí rẹ. Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n pè é. Ẹ̀jẹ̀ dì, ó di ìdì, ó dí ọ̀nà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ò lè pè mọ́. Ibi tí ò pè mọ́, ta ni yóò ṣí omi fún un?

Mo máa ń sọ pé ohùn rẹ ń jí òkú ìlú kejì. Mo ní tí o bá pè, òjò tó ń lọ sílé ẹlòmíràn á ṣẹ́rí padà. Jọ̀ọ́, sọ irọ́ mi dòótọ́. Pè. Kó má ju ti ìrẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì wo ojú mi, ó wolẹ̀, ó lọ.

Oòrùn ojú fèrèsé bà lé ìka rẹ. Ìka dákẹ́. Èmi tí n kì í pè, èmi ará ìdí ẹ̀rọ, mo tẹ̀ ba sétí rẹ, mò ń pè. Omi o! Àwọn aláìsàn yíjú sí mi. Omi o!

Kò sẹ́ni nídìí ẹ̀rọ.