Ìka Mẹ́ta sí Ìlà Pupa

Ìyá mi kò fẹ́ kí àbúrò mi ga kí a tó dé Èkó. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí gan-an nìyẹn, mi ò fi iyọ̀ sí i.

Ọgbà eré kan wà níbẹ̀ tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Kẹ̀kẹ́ ńlá kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń gbé ènìyàn lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí òrùlé gbogbo àdúgbò, tí yóò sì tún rọra gbé e padà wálẹ̀. Pamílẹ́rìn, àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù bàbá wa. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá ti rí róbótó, kẹ̀kẹ́ ńlá ni lójú rẹ̀, ìbáà ṣe ìdérí ìkòkò, ìbáà ṣe táyà tí wọ́n sọ nù sẹ́bàá ọ̀nà Itele.

Ọwọ́ ìyá mi ni owó ìrìn-àjò náà wà. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni wọ́n máa ń rà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ní Ṣàngó, wọn yóò fọ̀ ọ́ mọ́, wọn yóò sì tún un tà. Ẹni tó ń rí èrè nínú ohun tí ẹlòmíràn ti lò tán kì í ná owó bó ṣe wù ú. Wọ́n wádìí títí wọ́n fi mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò wọ́n tó ti Sátidé. Wọ́n bẹ Bàdírù, awakọ̀ tó máa ń kó ẹrù ilé iṣẹ́ bàbá mi lọ sí Ìkẹjà, pé kó gbé wa dání. Ìrẹsì wa, ilé ni a ó ti sè é, inú kúlà ni a ó gbé e sí. Gíga Pamílẹ́rìn nìkan ló kù.

Jabez ló mú ọ̀rọ̀ gíga wá. Òun àti bàbá mi jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì, ó sì ti kó àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ sí ọgbà náà rí. Ó ní wọ́n fa ìlà pupa kan sára ògiri ẹnu ọ̀nà. Ọmọ tí orí rẹ̀ kò bá kan ìlà náà, ìdajì owó ni yóò san, ṣùgbọ́n kò ní gun kẹ̀kẹ́ ńlá. Bàbá mi bi í pé ibo ni ìlà náà ga dé. Jabez fi ọwọ́ kan ẹnu àpò àyà yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó ní ibí yìí gẹ́lẹ́ ni.

Bàbá mi kò bọ́ yúnífọ́ọ̀mù nígbà tí wọ́n délé. Wọ́n dúró ti férémù ilẹ̀kùn pálọ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan ẹnu àpò àyà tiwọn, ìyá mi sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Wọ́n pe Pamílẹ́rìn kó wá dúró. Ó ku ìka mẹ́ta kí orí rẹ̀ tó kàn án.

Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Pamílẹ́rìn lọ jókòó sáàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ilé. Bàbá mi lọ bá a níbẹ̀, wọ́n ní ẹṣin onígi wà tó ń yí po, ẹṣin náà dára púpọ̀. Ó bi wọ́n bóyá àwọn náà máa gun ẹṣin onígi.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀wà nìkan ló ń bèèrè, nítorí ó ti gbọ́ pé ẹ̀wà ń mú ọmọ ga. Láràárọ̀ ni yóò dúró ti àmì ṣọ́ọ̀kì náà. Ìka mẹ́ta náà ni.

Nígbà tó di ọ̀sán Mọ́ńdè, ìyá mi ń kó kẹ́ẹ̀gì lọ fún oníbàárà kan ní Toll Gate. Wọ́n ní kí n di irun Pamílẹ́rìn ní kòlẹ́sẹ̀, kó lẹ̀ mọ́ orí dáadáa. Irun dídì ni iṣẹ́ mi. Ó jókòó sáàárín orúnkún mi títí mo fi ya irun náà tán.

"Àǹtí, ẹ bá mi di ṣùkú. Kó ga."

Mo ní kòlẹ́sẹ̀ ni mọ́mì sọ.

"Ìka mẹ́ta péré ni, Àǹtí. Ṣùkú ju ìka mẹ́ta lọ."

Mo mọ iye kẹ́ẹ̀gì tó wà nínú ìdajì owó yẹn. Ṣùgbọ́n èmi náà ti máa ń jókòó sẹ́nu ilé yìí, tí n ó máa wo ọ̀nà, tí n ó máa rò ó pé báwo ni ayé ṣe rí láti òkè. Ọwọ́ mi kàn ń di irun náà lọ sókè ni. Nígbà tí ìyá mi dé, ṣùkú ti dúró lórí rẹ̀ bí adé. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí.

"Ìwọ lo máa san ìyókù," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ ń ṣa ìrẹsì.

Ní ọjọ́ kejì, Bàdírù já wa sílẹ̀ nítòsí ọgbà náà. Kúlà ni wọ́n kọ́kọ́ dá dúró. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní wọn kì í gbé oúnjẹ wọlé, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì wà lábẹ́ igi fúrúùtù níta, a lè gbé e síbẹ̀. Ìyá mi gbé e síbẹ̀, ojú wọn le díẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Pamílẹ́rìn lọ dúró ti ògiri. Ọmọbìnrin tó ń wọn àwọn ọmọdé mú pákó pẹlẹbẹ kan, ó fi tẹ ṣùkú náà mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó hàn pé kì í ṣe ṣùkú àkọ́kọ́ tí yóò pàdé nìyẹn. Ìrètí mi wálẹ̀ pẹ̀lú irun náà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó tún wò ó. Bàbá mi náà bẹ̀rẹ̀. Orí ìlà pupa gan-an ni pákó náà dúró sí.

Ìyá mi yíjú sí bàbá mi. "Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ, àpò ta ni Jabez fọwọ́ kàn?"

Bàbá mi ní àpò ara rẹ̀ ni.

"Jabez yìí náà, tó jẹ́ pé èjìká yín ló máa ń bá sọ̀rọ̀?"

Bàbá mi wú ikọ́.

Ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní orí ìlà gẹ́lẹ́ ni ọmọ náà wà, ẹni tó bá sì ti kàn án lè gun kẹ̀kẹ́, àmọ́ owó àgbà ni yóò san. "Ẹ̀yin lẹ lọmọ yín, mà. Ṣé ó ga ni, àbí ó kúrú?"

Pamílẹ́rìn kò wo ẹnikẹ́ni. Kò na ọrùn, kò sì gbé gìgísẹ̀ sókè. Ó kàn dúró. Ọwọ́ ìyá mi wà nínú báàgì wọn, mo rí i bó ṣe dì mọ́ owó náà. Wọ́n wo kúlà lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n wo ọmọ.

"Ó ga," ni ìyá mi wí. "Ọmọ mi ga."

Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni wọ́n rà. Nígbà tí bàbá mi bèèrè ìkẹrin, ìyá mi ní kúlà kò lè ṣọ́ ara rẹ̀, àti pé bí àwọn bá tilẹ̀ wo àkàbà láti ìsàlẹ̀, òòyì máa ń kọ́ àwọn. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ òòyì yẹn lẹ́nu wọn rí. Bàbá mi fẹ́ jiyàn, ìyá mi sì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n má fi owó ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣòfò. Wọ́n fi ṣéńjì ra ohun mímu tútù kan, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì na ẹsẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn tí wọ́n jókòó lọ́sàn-án láìsí kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́.

Kẹ̀kẹ́ náà gbé wa lọ sókè. Bàbá mi di irin mú, wọn kò wolẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè yẹn mọ́, àwọn òrùlé sì tẹ́ lọ bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Pamílẹ́rìn nìkan ló ń wá nǹkan nísàlẹ̀, títí ó fi rí i lábẹ́ igi níta ọgbà. Ó gbé ọwọ́ sókè níwájú ojú rẹ̀, ó fi ìka wọn ohun tó rí.

"Àǹtí, ẹ wo mọ́mì. Wọn ò tiẹ̀ tó ìka kan. Ìdajì ló yẹ kí wọ́n san."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ìjókòó wa fi ń mì, wọ́n sì tún yára di irin mú.

Nígbà tí a jáde, a sọ ọ̀rọ̀ Pamílẹ́rìn fún ìyá mi. Wọ́n ní kí ló dé tí a ò ti sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣí kúlà. Ìrẹsì náà ṣì gbóná.