Ọjọ́ Tí Ẹlẹ́ja Rí Ẹja

Omi ti mu ún dé ìbàdí kó tó rọra gbé àwọ̀n sókè. Láàárín ewé jíjẹrà, ẹja kan ń tàkìtì. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ìlà pupa sì wà nídìí ìrù rẹ̀. Ó yára dà á sínú ike omi, ó sì figbe ta.

Olùkọ́ rẹ̀ wọnú odò tòun ti bàtà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti rí irú ẹja náà gbẹ̀yìn níbẹ̀.

“Ẹlẹ́ja, o ṣe é!”

Orúkọ yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì nìyẹn. Nínú gbogbo àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè, òun nìkan ni òórùn odò kì í kúrò lára rẹ̀.

Kò dúró pààrọ̀ aṣọ. Ìyá rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, ẹni tó máa ń jẹ́ kó la inú ẹja ní kékeré, tí á sì bi í pé, “Kí lo rí níbẹ̀?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. “Rọra o. Ara wọn ò yá lónìí.”

Láti ọdún tí àìsàn ìgbàgbé ti dé, ìyá wọn ti pe ẹ̀gbọ́n yìí ní nọ́ọ̀sì, ó ti pè é ní àǹtí. Kò ṣi Ẹlẹ́ja, àbíkẹ́yìn rẹ̀, mọ̀ rí. Ẹlẹ́ja ti gbàgbé pé ohun tó bá ojú ló ń bá imú.

Ìyá náà tún ìborùn rẹ̀ ṣe. “Ẹ káàbọ̀, mà.”

Láti ìgbà tí Ẹlẹ́ja ti dáyé, “o” ni ìyá rẹ̀ ń pè é: o ti jẹun? O ò gbọ́ràn! “Ẹ” yìí bà á bí òkò.

“Ẹ jókòó. Olùkọ́ ọmọ mi lẹ̀yin, àbí? Ẹ bá mi mójú tó o. Bó bá ti rí odò, kì í rántí oúnjẹ.”

Ẹlẹ́ja dáhùn pé, “Ó rí ẹja kan lónìí, mà. Ẹja tó ṣọ̀wọ́n.”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Mo mọ̀!” Ìyá náà pàtẹ́wọ́. “Ẹ má sọ ọ́ tán o. Bó bá dé, á fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi.”

Ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí. Ẹlẹ́ja jókòó tì í, òun náà ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń retí kò ní gba ibẹ̀ wọlé mọ́.