Ìkookò Tó Dọ̀bálẹ̀ fún Àna

"Ẹni tó bá lè dá mi mọ̀ nígbà tí mo bá di ìkookò, kó wá fi awọ mi tẹ́ ẹní!"

Bẹ́ẹ̀ ni Adétúnbọ̀, olùkọ́ ìṣirò ní Ìgbájọ, ń fọ́nnu lẹ́yìn ọ̀kadà Àmúdà ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ sí Òkè-Ìlá, lọ rí àwọn òbí Hadassah, ọmọge tó fẹ́ fẹ́. Kò purọ́. Bí òṣùpá bá ti yọ lọ́sàn-án, ó di ìkookò nìyẹn, bíi bàbá rẹ̀, bíi bàbá bàbá rẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń lé Hadassah kiri, ó sì gbà pé tí òun bá ti rí àwọn òbí rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àwọn náà ti ṣèwádìí rẹ̀ títí. Wọ́n béèrè ìjọ tó ń lọ, wọ́n béèrè jẹnotáìpù, wọ́n ní ṣé wèrè wà nílé wọn. Kò sẹ́ni tó rántí béèrè ìkookò.

"Tí òṣùpá bá wá yọ lónìí ńkọ́?" Àmúdà bi í.

"Wa ọ̀kadà rẹ jàre! Màá fo ọgbà, ó parí."

Òṣùpá yọ. Omi tí wọ́n fi ṣe é lálejò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi rí i lókè igi obì, ó funfun báláú. Ó ní òun fẹ́ yà sẹ́yìnkùlé díẹ̀. Kó tó débẹ̀, etí ti nà, ìrù ti yọ, ṣòkòtò ti fàya. Àwọn ewúrẹ́ figbe ta. Alàgbà Ọlátúbọ̀sún, bàbá Hadassah, yọ sí i tòun ti àdá.

Ọgbà ò ga. Ìkookò ti ká ẹsẹ̀ kò láti fò. Ni Bàbá bá wúkọ́, ikọ́ àgbà.

Yéè! Ẹ̀kọ́ ilé kì í bá ṣòkòtò ya. Kí Adétúnbọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti nà gbalaja: àyà kan ilẹ̀, àgbọ̀n kan ilẹ̀, ìrù pàápàá dọ̀bálẹ̀.

Bàbá gbé àdá sókè. Ó tún un wò, ó rí àjákù ṣòkòtò àlejò rẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìkookò. Ó gbé e kalẹ̀.

"Adétúnbọ̀?"

Ìkookò mi orí.

"Ìyá Hadassah! Wá wo ìdọ̀bálẹ̀! Èyí tó wá tọrọ Hadassah láti Ìrèsí lọ́jọ́sí, ìka méjì ló fi kanlẹ̀ fún mi, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò!"

Ìyá yọjú, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Ó léyín o, Bàbá Hadassah."

"Ṣé kòléyín lo fẹ́ fọmọ fún ni?"

"Á máa jẹ ewúrẹ́ wa."

"Èmi kì í jẹ ewúrẹ́?"

Ìyá rò ó. Olè kankan ò ní yà sílé irú àna bẹ́ẹ̀ láé. Ni wọ́n bá gbọ́wọ́ lé ìkookò lórí, wọ́n gbàdúrà, wọ́n dájọ́ ìgbéyàwó sí Sátidé kan tí òṣùpá ò ní í yọ lọ́sàn-án. Adétúnbọ̀ ń fi ìrù gbálẹ̀ fáyọ̀.

Hadassah jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́. Ó wo ìkookò, ó wo àwọn òbí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ló dọ̀bálẹ̀ fún," ó ní. "Èmi ò tíì gbà fún un."