Ìgbésẹ̀ Mẹ́rin

Títíloyè máa ń fọ́nnu pé kò sí taipuráítà tó dákẹ́ ní gbogbo ìlú Benin tí òun ò lè mú sọ̀rọ̀ padà. Ó ti ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ láti ọdún gbọọrọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn ọjà Ekiosa. Nígbà tó fi máa di ọdún 2006, kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìfọ́nnu nìkan ló ṣẹ́ kù. Síbẹ̀ ó gbà pé ohun tí ọmọ aráyé bá fi ọwọ́ tò, òun á tú u. Ẹni tó bá sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀ ti wá ìjà.

Iredélé ò wá ìjà o. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ekiadolor. Lọ́dún 1993, ó gbé taipuráítà wá fún àtúnṣe, ó rí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì lórí tábìlì Títíloyè, ó sì gbàgbé ohun tó bá wá. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ilé Iredélé ní Ugbor ni àwọn méjèèjì ti ń ta á. Títíloyè á jókòó sórí àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn, Iredélé á jókòó sí èyí tó kẹ̀yìn sí i. Funfun ni ti Títíloyè, dúdú ni ti Iredélé.

Àwọn mìíràn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì a máa pààrọ̀ àwọ̀ bí wọ́n bá ti ta ọ̀kan tán. Àwọn méjèèjì yìí ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Funfun ló máa ń kọ́kọ́ rìn, Títíloyè sì fi ọdún mẹ́sàn-án ju Iredélé lọ. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ní Ìkìrun, ìlú Iredélé, kì í ki ọwọ́ bọ ọbẹ̀ ṣáájú àgbà. Ọdún mẹ́tàlá gbáko ni ẹ̀gbọ́n fi ń ṣíwájú tí àbúrò ń tẹ̀ lé e. Ó tẹ́ Títíloyè lọ́rùn bẹ́ẹ̀, kò sì bi Iredélé léèrè bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ohun tí Iredélé fẹ́ràn ju títa lọ ni kó máa ṣe àdììtú ṣẹ́ẹ̀sì. Á to ọba méjì, bíṣọ́ọ̀bù, ẹṣin àti sójà díẹ̀ sórí pátákó, á ní kí èèyàn wá bí funfun ṣe máa pa ọba dúdú ní ìgbésẹ̀ mélòó kan péré. Ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn lókè òkun, kò sí ẹni tó dá a lóhùn rí. Ṣọlápé ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé àpòòwé tó ń ti ilé àwọn jáde ti rí ayé ju àwọn lọ.

Ní oṣù kejì ọdún náà, ẹ̀jẹ̀ ríru dá Iredélé wó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò gbé e mọ́. Nígbà tí Títíloyè lọ wò ó ní ọsibítù, Iredélé fa bébà kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.

“Ẹ̀gbọ́n, ọdún méje ni mo fi ṣe eléyìí,” ó ní. “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ó tán nílé lọ́jọ́ tí àìsàn yìí dé ni. Mi ò retí àwọn òyìnbó mọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó tú u kí n tó lọ, kí n lè mọ̀ pé ẹlòmíràn rí ohun tí mo rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.”

“Ta ló ń lọ síbo?” Títíloyè fa bébà náà gbà. “Fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.”

Iredélé ti fi bírò ya pátákó náà pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà lórí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: Funfun ló máa kọ́kọ́ rìn. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ọba dúdú kú.

Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta. Ohun tí funfun ní ò ju ọba, bíṣọ́ọ̀bù kan àti sójà méjì lọ, ẹ̀ṣọ́ dúdú sì pọ̀ bí eṣú. Iwájú nìkan ni sójà ń lọ nínú ṣẹ́ẹ̀sì, kì í padà sẹ́yìn. Èyí tó bá rìn dé ìpẹ̀kun pátákó á yí padà, á di alágbára, bí ayaba tàbí ẹṣin, èyí tó bá wu ẹni tó ń ta á. Ṣùgbọ́n àwọn sójà inú bébà yìí ṣì wà nísàlẹ̀, níbi tí gbogbo sójà ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò tíì jáde nílé. Bí wọ́n bá sáré títí, ìgbésẹ̀ márùn-ún ni wọ́n máa rìn kí wọ́n tó débẹ̀. Mẹ́rin ni Iredélé sì sọ. Títíloyè pa wọ́n tì, ó gbájú mọ́ bíṣọ́ọ̀bù. Taipuráítà méjì tí wọ́n gbé wá fún un kún fún eruku níbi tí wọ́n wà. Ẹ̀rù ti ń bà á, àmọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kó tó pé oṣù kan, àìsàn náà padà kọ lu Iredélé, ó gba ohùn àti ọwọ́ ọ̀tún lọ. Orí àti ọwọ́ òsì nìkan ló ṣì ń gbọ́ tirẹ̀. Títíloyè wá gbé pátákó tirẹ̀ lọ sí ọsibítù, ó gbé e sórí tábìlì kékeré tó wà láàárín wọn, ó to gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe wà nínú bébà, ìsàlẹ̀ bébà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

“Wò ó, bíṣọ́ọ̀bù yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé.”

Iredélé wo pátákó náà. Ojú rẹ̀ là. Ó mi orí, ó gbé ọwọ́ òsì sókè pẹ̀lú ìnira, ó sì ń yí i po, yí i po.

“Kí ló ń wí?” Títíloyè bi nọ́ọ̀sì, obìnrin Ẹdó kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.

“Baba, e be like say e wan turn. Im side dey pain am.”

Wọ́n pawọ́ pọ̀, wọ́n yí Iredélé padà, ó kọjú sí ògiri, ó kẹ̀yìn sí pátákó. Ó kérora. Títíloyè fọwọ́ pa á léjìká, ó ní, “Ó ti rọrùn díẹ̀ báyìí, àbí?”

Gbogbo ìgbà tó bá wá ló ń rí bẹ́ẹ̀. Á to pátákó, Iredélé á yí ọwọ́, wọ́n á yí Iredélé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹrin, Títíloyè ò to pátákó rárá. Ó ti rẹ̀ ẹ́, inú sì ń bí i. Ẹni tí nǹkan kì í borí rẹ̀, tí nǹkan wá borí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dáa.

“Iredélé, àṣìṣe ló wà nínú ohun tí o ṣe yìí,” ó ní. “Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò tinú tòde. Kò ní ìdáhùn. Má jẹ́ kó dùn ọ́, gbogbo wa là ń ṣe àṣìṣe.”

Omi bọ́ lójú Iredélé. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó yí i po. Wọ́n yí i sí ògiri. Ní ọjọ́bọ̀, ó kú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ilé tó wà ní Ugbor kún fún èrò ìjọ. Wọ́n ti kó àga pálọ̀ jáde sábẹ́ kánópì, títí kan èyí tí Títíloyè máa ń jókòó sí. Àga Iredélé nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ilé, nítorí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ ń ro Títíloyè. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀.

Pátákó Iredélé wà lórí tábìlì bí ó ṣe tò ó sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e lọ ọsibítù. Ṣọlápé ò jẹ́ kí wọ́n ṣí i nípò. Títíloyè wò ó, ó rí bébà náà gẹ́lẹ́. Ó tún wò ó, ara rẹ̀ tutù. Ìhà dúdú ni òun jókòó sí yìí. Apá ọ̀hún, níbi tí àga tirẹ̀ máa ń wà, ni ilé funfun. Ibi tí Iredélé ti ń wo ayé fún ọdún mẹ́tàlá ló ti ya bébà yẹn. Àwọn sójà funfun tó pè ní ẹni tí kò tíì jáde nílé, wọ́n ti la gbogbo pátákó kọjá. Ìgbésẹ̀ kan péré ló kù fún wọn.

Ó na ọwọ́, ó ti sójà kan síwájú, sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Kò sọ ọ́ di ayaba, nítorí ìyẹn máa jẹ́ kí ọba dúdú sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sọ ọ́ di ẹṣin. Ìgbésẹ̀ kejì tẹ̀ lé e, ìkẹta, ìkẹrin. Ọba dúdú kú láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, kò sí ibi tó lè gbà. Títíloyè ò rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá rántí ọwọ́ òsì tó ń yí po nínú afẹ́fẹ́. Pátákó ni Iredélé ní kí wọ́n yí.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rí i tú!” Ṣọlápé ti dé ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ife omi. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tó mú un rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti di opó. “Ó mà dáa o. Ṣé ẹ sọ fún un kó tó lọ?”

Títíloyè tún na ọwọ́ sí pátákó. Ó dá sójà náà àti àwọn yòókù padà síbi tí wọ́n wà, ó sì jókòó sórí àga Iredélé títí wọ́n fi gbé tirẹ̀ wọlé láti ìta.